Ọpọlọ, Kẹ́míkà àti Àlàfo Kékeré: Ìbéèrè Tó Ń Wá Léraléra àti Ìdáhùn Wọn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń béèrè nípa ọpọlọ, oògùn àti májèlé. A kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé èyí tó ń fún orí níṣẹ́. Ẹni tó bá ti mọ ìpìlẹ̀ lè fo mẹ́ta àkọ́kọ́.

Kí ni níúrọ́ọ̀nù? Ṣé iṣan náà ni?

Ọ̀rọ̀ náà "iṣan" ti ru ẹrù jù ní èdè wa. Òpó ẹ̀jẹ̀ ń jẹ́ iṣan, ohun tó so ẹran mọ́ egungun ń jẹ́ iṣan, ẹran apá tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fẹ̀ níwájú dígí náà ń jẹ́ iṣan. Nítorí náà, níúrọ́ọ̀nù ni a ó máa pe sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ àti ara, kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ pọ̀.

Nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 ló wà nínú ọpọlọ àgbàlagbà kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ara tirẹ̀, ó ní ẹ̀ka púpọ̀ tó fi ń gba ìròyìn, ó sì ní okùn kan tó fi ń rán ìròyìn jáde. Okùn náà lè má gùn tó mílímítà kan. Èyí tó ti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì ń gùn tó mítà kan.

Kí ni sáínápùsì?

Ibi tí ìparí okùn níúrọ́ọ̀nù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òmíràn ni. Fẹ́rẹ̀ẹ́ ni o, kò kàn án. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju nǹkan bíi nánómítà 20 lọ: bí a bá to irú rẹ̀ 5,000 léra, gbogbo rẹ̀ kò ju ìnípọn ewé ìwé kan lọ. Charles Sherrington, onímọ̀ ará Ìlú Ọba, ló fún un lórúkọ ní 1897, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kí nǹkan méjì dì mọ́ra.

Níúrọ́ọ̀nù kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sáínápùsì. Kì í sì í ṣe níúrọ́ọ̀nù sí níúrọ́ọ̀nù nìkan. Ibi tí níúrọ́ọ̀nù ti pàdé ẹran tó ń mú wa rìn, tàbí ibi tí itọ́ ti ń sun jáde, sáínápùsì ni wọ́n.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú so pọ̀ bíi wáyà iná?

Ìbéèrè yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Camillo Golgi, ará Ítálì, gbà pé àwọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo ọpọlọ. Santiago Ramón y Cajal, ará Sípéènì, lo ọ̀nà ìkunláró tí Golgi fúnra rẹ̀ ṣàwárí, ó wo ọpọlọ lábẹ́ maikirosíkóòpù, ó ní rárá, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró. Wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, síbẹ̀ wọn kò gbà fún ara wọn. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni maikirosíkóòpù tó ń lo ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi àlàfo náà hàn kedere. Cajal ló jàre.

Wáyà kò lè ṣe ju pé kó gbé ohun tó wọ inú rẹ̀ lọ bó ṣe bá a. Àlàfo ló fún ọpọlọ láyè láti dá ìròyìn dúró, láti fi kún un, láti bù ú kù, láti sọ "ó yá" di "dúró". Ibẹ̀ náà ni oògùn àti májèlé ti ń rí ọ̀nà wọlé.

Báwo ni iná inú níúrọ́ọ̀nù ṣe ń di kẹ́míkà?

Bí níúrọ́ọ̀nù bá ń sinmi, iná inú rẹ̀ fi nǹkan bíi mílífọ́ọ̀tì 70 rẹlẹ̀ ju ti òde lọ. Bí nǹkan bá ta á jí, àwọn ilẹ̀kùn tó wà lára awọ rẹ̀ á ṣí, sódíọ̀mù á rọ́ wọlé, iná inú á gòkè kọjá òdo fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù kan, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà pọtásíọ̀mù á jáde, ohun gbogbo á padà sípò. Ìgbì yìí ló ń sáré gba inú okùn lọ títí dé ìparí rẹ̀.

Ní ìparí okùn, ilẹ̀kùn mìíràn wà tí ìgbì yìí máa ń ṣí: ilẹ̀kùn kálísíọ̀mù. Kálísíọ̀mù tó wà lóde pọ̀ tó ìlọ́po 10,000 ti inú, nítorí náà ilẹ̀kùn kì í tíì ṣí tán tó ti ya wọlé.

Àwọn àpò kéékèèké ti tò sí ẹ̀bá awọ, wọ́n ń dúró dè é. Ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi nánómítà 40, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mólékù kẹ́míkà òjíṣẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Purotéènì ara àpò àti purotéènì ara awọ ti lọ́ mọ́ra bí okùn tí wọ́n ń ṣù. SNARE ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ti fa àpò náà mọ́ awọ pẹ́kípẹ́kí, àṣẹ ló kù. Purotéènì kan tó ń jẹ́ synaptotagmin ló ń gba àṣẹ náà: bí kálísíọ̀mù bá kàn án báyìí, awọ àpò á dàpọ̀ mọ́ awọ níúrọ́ọ̀nù, ohun inú rẹ̀ á tú sínú àlàfo. Iṣẹ́ lórí bí àwọn àpò yìí ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń tú ló gba ẹ̀bùn Nobel 2013 fún James Rothman, Randy Schekman àti Thomas Südhof.

Kẹ́míkà náà á tàn káàkiri àlàfo, á bá àwọn olùgbà tó wà lára níúrọ́ọ̀nù kejì. Olùgbà jẹ́ purotéènì tó dá kẹ́míkà kan pàtó mọ̀. Bó bá ti gbà á, iná ìhà kejì á yí padà. Iná di kẹ́míkà, kẹ́míkà tún di iná.

Ṣé àpò lè tú ìdajì?

Lápapọ̀, rárá. Bernard Katz àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín àwọn ọdún 1950, rí i pé ẹran àkèré máa ń dáhùn ní odindi odindi: ẹyọ kan, ẹyọ méjì, ẹyọ mẹ́ta, kò sí ẹyọ kan àbọ̀. Bí ìgbà tí ènìyàn ń ka owó ẹyọ ni. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àpò kan. Katz gba Nobel ní 1970, pẹ̀lú Ulf von Euler àti Julius Axelrod.

Báwo ló ṣe ń yá tó?

Láti ìgbà tí iná bá dé ìparí okùn títí dìgbà tí níúrọ́ọ̀nù kejì á fi dáhùn, nǹkan bí ìdajì mílísẹ́kọ́ǹdù sí ẹyọ kan ni. Kálísíọ̀mù àti títú àpò ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀; líla àlàfo kọjá kò tó nǹkan. Ẹni tó fọwọ́ ba ìkòkò gbígbóná á ti fa ọwọ́ padà kó tó ké "yéè!", torí pé sáínápùsì bíi mélòó kan nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ìròyìn náà gbà. Kò tíì dé ọpọlọ nígbà tí ọwọ́ ti kúrò.

Ta ló kọ́kọ́ fi hàn pé kẹ́míkà ni?

Otto Loewi, ní ìlú Graz, ní Austria. Ó lálàá ọ̀nà tí yóò gbà dán an wò, ó jí, ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, ó padà sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ohun tó kọ. Ní òru kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, àlá náà tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò padà sùn, ilé ìwádìí ló gbà lọ.

Ọkàn àkèré méjì ló lò. (Ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni àkèré, ẹ wo àmì ohùn dáadáa, kí ẹ má kà á sí ọpọlọ.) Ó fi iṣan vagus, ìdì okùn níúrọ́ọ̀nù tó ń mú kí ọkàn lù pẹ̀lẹ́, sílẹ̀ lára ọ̀kan, ó gé ti èkejì kúrò. Ó ta iṣan ti àkọ́kọ́ jí, ọkàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù pẹ̀lẹ́. Ó wá bu omi iyọ̀ inú rẹ̀, ó dà á sínú ọkàn kejì. Èkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí iṣan kankan tó pàṣẹ fún un. Nǹkan kan wà nínú omi yẹn. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1921. Acetylcholine ni nǹkan ọ̀hún, òun àti Henry Dale sì jọ gba Nobel ní 1936.

Kẹ́míkà òjíṣẹ́ mélòó ló wà?

Bí a bá ka àwọn tó jẹ́ ègé purotéènì kúkúrú mọ́ ọn, wọ́n ju 100 lọ. Ẹni tó bá mọ méje ti mọ púpọ̀. Glutamate ni olórí àwọn tó ń sọ pé "ó yá" nínú ọpọlọ. GABA ni olórí àwọn tó ń sọ pé "dúró", glycine sì ń bá a ṣe irú iṣẹ́ náà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Acetylcholine ló ń pàṣẹ fún ẹran ara. Dopamine, serotonin àti noradrenaline kò fi bẹ́ẹ̀ jọ àwọn wọ̀nyẹn: iṣẹ́ tiwọn jọ ti ẹni tó ń yí ohùn rédíò sókè sódò nígbà tí ẹlòmíràn ń ka ìròyìn.

Kí ló dé tí acetylcholine ń mú ẹran ẹsẹ̀ le, tó sì tún ń dẹ ọkàn lára?

Nítorí pé kẹ́míkà kì í sọ̀rọ̀. Olùgbà ló ń túmọ̀ rẹ̀. Ẹ rántí àrokò: bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn láyé àtijọ́, owó náà kò lẹ́nu. Ẹni tó mọ̀ pé ẹẹ́fà ń wí pé "ọkàn mi fà sí ọ" ló ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Lójú ẹni tí kò mọ̀, owó lásán ni.

Olùgbà tó wà lára ẹran ẹsẹ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Bí acetylcholine bá kàn án, ó ṣí, sódíọ̀mù wọlé, ẹran fún pọ̀. Ti ọkàn kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ńṣe ló máa ń rán purotéènì mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì láti lọ ṣí ilẹ̀kùn pọtásíọ̀mù. Pọtásíọ̀mù á jáde, ọkàn á rọ̀. Òjíṣẹ́ kan, ìtumọ̀ méjì. Lójú tiwa, ẹni tó bá gbé èyí nìkan lọ nínú gbogbo ohun tó wà níhìn-ín ti gbé èyí tó wúlò jù, torí òun ló tú ìdajì àwọn ìbéèrè tó kù.

Bí níúrọ́ọ̀nù bá gbọ́ "ó yá" àti "dúró" lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló ń gbọ́ tirẹ̀?

Ó ń ṣírò ni. Glutamate á gbé iná inú rẹ̀ sókè díẹ̀. GABA á ṣí ilẹ̀kùn kílóráìdì, á tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ lè máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àròpọ̀ wọn bá dé ìwọ̀n kan níbi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀, ìgbì á jáde. Bí kò bá dé ibẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí "ó yá" bá borí "dúró" nínú ọ̀pọ̀ níúrọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà, wárápá lè dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn oògùn bíi diazepam àti phenobarbital fi ń bá a wí: GABA ni wọ́n ń tì lẹ́yìn. Itọ́ ẹni tí wárápá gbé ṣubú kì í ran ẹnikẹ́ni, ẹ má torí rẹ̀ sá fún un.

Lẹ́yìn tí òjíṣẹ́ bá jíṣẹ́ tán, ibo ló ń gbà?

Wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, torí bó bá jókòó sójú àlàfo, kò sí bí olùgbà á ṣe mọ ìròyìn tuntun yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Acetylcholine, gígé ni wọ́n ń gé e: ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ acetylcholinesterase wà lójú àlàfo gan-an, ẹyọ kan rẹ̀ sì lè gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún mólékù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Dopamine, serotonin àti noradrenaline, níúrọ́ọ̀nù tó tú wọn ló ń fà wọ́n padà. Glutamate, àwọn sẹ́ẹ̀lì alábàágbé níúrọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní astrocyte ló ń gbá èyí tó pọ̀ jù kúrò nílẹ̀. Awọ àpò náà kì í ṣòfò. Wọ́n á kó o padà sínú, wọ́n á tún kẹ́míkà rọ sínú rẹ̀.

Báwo ni DDVP àti ọ̀tápíápíá ṣe ń pa kòkòrò, kí ló sì ń ṣe fún ènìyàn?

DDVP, tó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tápíápíá tí wọ́n ń tà lọ́jà, a máa lẹ̀ mọ́ acetylcholinesterase, kò sì ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Acetylcholine á kún àlàfo, olùgbà kò ní rójú sinmi. Aáyán ń lo kẹ́míkà yìí, ẹ̀fọn ń lò ó, àwa náà ń lò ó. Májèlé náà kò mọ ẹni tí wọ́n rà á fún.

Lára ènìyàn, itọ́, omijé àti òógùn á máa dà, inú á máa ṣu, ẹyinjú dúdú á sún kì bí ojú abẹ́rẹ́, ẹran ara á máa já pàtìpàtì. Níkẹyìn, ẹran tó ń mú wa mí á rẹ̀, àyà á sì kún fún omi. Ilé ìwòsàn ni ibi tó kàn, lójú ẹsẹ̀. Epo pupa kò ràn án, fífi ipá mú un bì sì lè gbé májèlé náà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ aṣọ tó ti bá a, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, torí awọ ara náà ń mu ún. Àwọn dókítà ní atropine, tó ń bo àwọn olùgbà kan mọ́lẹ̀, wọ́n sì ní pralidoxime, tó lè já májèlé náà kúrò lára ẹ́ńsáìmù bí ó bá tètè dé. Ní 2019 ni NAFDAC ní kí wọ́n má ta DDVP inú ìgò kékeré mọ́. Lójú tiwa, ó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀wà kan láti Calabar wà nínú ìtàn yìí?

Lóòótọ́ ni, ó sì wà láàárín gbùngbùn rẹ̀. Esere ni àwọn Efik ń pè é. Wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn mu. Ẹni tó bá bì í tó sì yè, wọ́n dá a láre. Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní 1855 kó lè mọ bó ṣe ń ṣe ara. Díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Ní 1864 ni àwọn onímọ̀ Jámánì yọ physostigmine jáde láti inú rẹ̀.

Ohun tí DDVP ń ṣe ni physostigmine ń ṣe, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í pẹ́ kó tú. Òun ni Loewi lò ní 1926 láti fi hàn pé ẹ́ńsáìmù ló ń gé òjíṣẹ́ tó rí nínú ọkàn àkèré. Ní 1934, Mary Walker, dókítà ní Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù, ronú pé ó lè ran aláìsàn myasthenia gravis lọ́wọ́. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara ń ba olùgbà acetylcholine jẹ́, ìpéǹpéjú á máa wó, jíjẹun á di iṣẹ́. Ó fún aláìsàn kan lábẹ́rẹ́ rẹ̀, okun padà sí ara rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Kò sí ohun àràmàǹdà níbẹ̀: olùgbà kù díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí òjíṣẹ́ pẹ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà. Pyridostigmine, tí àwọn aláìsàn náà ń lò lónìí, ọ̀nà kan náà ló ń gbà ṣiṣẹ́. Percy Julian, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ló rí ọ̀nà àtiṣe physostigmine láìlo ẹ̀wà náà ní 1935.

Wọ́n ní asofẹ́yẹjẹ ń wo wèrè. Kí ló wà nínú rẹ̀?

Reserpine. Ohun tó ń ṣe ni pé ó dí ẹnu àpò, kò jẹ́ kí dopamine, serotonin àti noradrenaline wọ inú rẹ̀. Àpò á wà, òfìfo ni. Iná á dé, kálísíọ̀mù á wọlé, àpò á tú, kò ní sí ohun tó jáde. Àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa ti ń fi gbòǹgbò igi náà dẹ ara ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ reserpine, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ láàárín wa, sì kọ nípa rẹ̀ ní 1960.

Arvid Carlsson ní Sweden fún ehoro ní reserpine ní 1957; wọ́n kàn wọlẹ̀ síbẹ̀, wọn kò lè mira. Ó wá fún wọn ní L-DOPA, ohun tí ara fi ń ṣe dopamine, wọ́n sì dìde. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú àìsàn Parkinson, tí àìtó dopamine ń fà, tí ara kì í fi lè mira dáadáa, ti bẹ̀rẹ̀. Carlsson gba Nobel ní 2000.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa se é mu nílé o. Reserpine ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì lè sọ ọkàn ènìyàn sínú ìrẹ̀wẹ̀sì líle. Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, agbo kò sì ní ìwọ̀n tí a lè kà.

Kí ló dé tí wọn kì í fún aláìsàn Parkinson ní dopamine tààrà?

Ògiri kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí dopamine kò lè là kọjá. L-DOPA lè là á. Bó bá débẹ̀ tán, ọpọlọ á sọ ọ́ di dopamine fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tí obì fi ń lé oorun?

Káfíìnì inú rẹ̀ ni. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ adenosine ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, ó ń dín títú àwọn òjíṣẹ́ kù, ara á máa wúwo. Káfíìnì á lọ jókòó sí ijókòó adenosine lára olùgbà, kò ní ṣe nǹkan kan níbẹ̀, kò sì ní dìde. Kò fún ènìyàn lókun; ó kàn dí etí rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ pé "lọ sùn". Adenosine ṣì wà níta, ó ń dúró, ìdí nìyẹn tí oorun fi ń dé lójijì bí obì bá ti kúrò lára.

Ọtí ńkọ́? Tramadol ńkọ́?

Ọtí ń ti GABA lẹ́yìn, ó sì ń dí irú olùgbà glutamate kan. Bí ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ bá dá a dúró lójijì, ọpọlọ tó ti mọ́ lára láti bá a jà á ṣì máa jà, ara á máa gbọ̀n, wárápá lè gbé e. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má dá a dúró láìrí dókítà.

Tramadol ń fi ọwọ́ méjì ṣiṣẹ́: ó ń bọ́ sórí olùgbà tó ń pa ìrora, ó sì ń dí ọ̀nà tí serotonin àti noradrenaline ń gbà padà sílé. Nítorí èyí ni àpọ̀jù rẹ̀ fi lè mú wárápá dání, kódà fún ẹni tí kò ní i rí.

Ṣé àjínomótò ń ba ọpọlọ jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé glutamate ni?

Glutamate náà ni lóòótọ́, mólékù kan ṣoṣo. Ó wà nínú irú, ó wà nínú tòmátì, ó wà nínú wàrà ọmú. Ṣùgbọ́n ìfun fúnra rẹ̀ ló ń jó èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí a jẹ, ògiri tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ò sì jẹ́ kí ìyókù ráyè wọ ọpọlọ. Ọpọlọ ń ṣe tirẹ̀ nínú ilé. Ẹ lè sọ pé ẹ kò fẹ́ràn adùn rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀rọ̀ sáínápùsì kọ́.

Ṣé dopamine ni kẹ́míkà ayọ̀?

Báyìí ni gbogbo ayé ń sọ ọ́, kò sì tọ̀nà. Wolfram Schultz wo níúrọ́ọ̀nù dopamine nínú ọpọlọ ọ̀bọ. Bí ọ̀bọ bá rí omi èso gbà láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n ta jí. Bó bá ti mọ̀ pé iná kan máa ń tàn ṣáájú omi èso, iná ni wọ́n ń dáhùn sí, omi èso fúnra rẹ̀ kò mì wọ́n mọ́. Bí iná bá tàn tí omi èso kò dé, wọ́n dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a retí àti ohun tó dé ni wọ́n ń kà. Dopamine tún ni ohun tí aláìsàn Parkinson pàdánù, bẹ́ẹ̀ mímira ló ń dun irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ṣé àìtó serotonin ló ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn?

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oògùn bíi fluoxetine ń dí ọ̀nà tí serotonin ń gbà padà sínú níúrọ́ọ̀nù, wọ́n sì ń ṣe èyí láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ara aláìsàn fi ń yá. Bó bá jẹ́ àìtó lásán ni, ọjọ́ kejì ló yẹ kó yá. Àyípadà mìíràn ń lọ lára olùgbà àti lára sáínápùsì ní gbogbo àkókò yẹn. Oògùn náà ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́; àlàyé tí wọ́n fi ń tà á ni kò pé.

Ṣé sáínápùsì máa ń yí padà bí a bá kọ́ nǹkan?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1973, Tim Bliss àti Terje Lømo fi hàn nínú ọpọlọ ehoro pé bí wọ́n bá fi ìgbì kíkankíkan lu sáínápùsì kan, ó máa ń le sí i, ó sì ń wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Eric Kandel lo Aplysia, ẹranko inú òkun tó jẹ́ ìbátan igbín. Ó rí i pé bí ẹ̀rù bá bà á, níúrọ́ọ̀nù rẹ̀ á máa tú kẹ́míkà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹ̀kọ́ náà bá sì wọ̀ ọ́ lára, sáínápùsì tuntun á hù. Èyí ló jẹ́ kí òun àti Carlsson wà nínú àwọn tó gba Nobel ọdún 2000.

Ṣé gbogbo ìròyìn ló ń lọ síwájú? Kò sí èyí tó ń padà sẹ́yìn?

Ó wà. Níúrọ́ọ̀nù tó ń gba ìròyìn lè ṣe kẹ́míkà ọlọ́ràá kan ránṣẹ́ padà sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, pé "ó tó, rọra". Kì í wọ inú àpò; ìgbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Olùgbà rẹ̀ ni igbó tí wọ́n ń mu ń lò: THC, kẹ́míkà inú igbó náà, á kàn gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tó yẹ àti níbi tí kò yẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu igbó kì í fi rántí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tirẹ̀.

Àwọn sáínápùsì kan tilẹ̀ wà tí kò ní kẹ́míkà rárá. Ihò tóóró ló so sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, iná ń gba ibẹ̀ kọjá tààrà. Edwin Furshpan àti David Potter fi èyí hàn ní 1959 lára ẹranko omi kan tó jọ edé ńlá. Ẹ ò rí i pé Golgi náà kò kúkú jẹ̀bi tán.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì ń mú ara gan, májèlé botulinum ń mú ara rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Báwo ló ṣe jẹ́ pé ohun ìjà kan náà ni wọ́n ń lò?

Àwọn SNARE, purotéènì tó ń fa àpò mọ́ awọ, ni àwọn méjèèjì ń gé. Tẹ́tánọ́ọ̀sì àti botulinum irú B tilẹ̀ ń gé ọ̀kan nínú wọn, synaptobrevin, ní ojú kan náà gan-an. Bí wọ́n bá ti gé SNARE, àpò kò lè tú mọ́. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara ló yàtọ̀.

Botulinum ń dúró síbi tí níúrọ́ọ̀nù ti pàdé ẹran. Acetylcholine ni kò rójú jáde, nítorí náà ẹran kò gbọ́ àṣẹ, ó rọ. Ìwọ̀n kínkín rẹ̀ ni wọ́n ń fún sí iwájú orí tó hunjọ ní orúkọ Botox. Tẹ́tánọ́ọ̀sì kì í dúró níbẹ̀. Ó ń gba inú okùn níúrọ́ọ̀nù gòkè padà lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ó jáde nínú níúrọ́ọ̀nù tó gbé e débẹ̀, ó wọ inú àwọn tó ń tú glycine àti GABA. Àwọn tó ń sọ pé "dúró" ló pa lẹ́nu mọ́. Kò wá sí ẹni tí yóò dá ẹran lẹ́kun: ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dì, ẹ̀yìn á tẹ̀ bí ọrun, ariwo ilẹ̀kùn lásán á tún gbé e gan.

Abẹ tí kò mọ́ tí wọ́n fi gé ìwọ́ ọmọ tuntun lè gbé e wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún aláboyún lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ààbò inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ń kọjá sára ọmọ. Irú ààbò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fún ẹni tó ti fara pa lè mú májèlé tó ṣì wà lóde. Májèlé tó ti wọ inú níúrọ́ọ̀nù, ọwọ́ kò tó o mọ́: ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ara á fi tún sáínápùsì náà ṣe, bí wọ́n bá lè mú ẹni náà máa mí títí dìgbà yẹn.